Ọgbà Màmá Mi Tí Mo Fi Àgádágodo Tì

ÌBÉÈRÈ

Màmá, ẹ òkun o. Mo máa ń ka ìdáhùn yín lóṣooṣù, àmọ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí èmi fúnra mi máa kọ̀wé sí yín nìyí.

Ọmọ Ògìdì ní Ìjùmú ni mí, Abúja ni mo ń gbé. Oṣù kẹta ọdún tó kọjá ni màmá mi papò dà. Wọ́n fi ọgbà kan sílẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná. Kò tóbi, bóyá ó tó ibi tí èèyàn lè kọ́ yàrá mẹ́ta sí. Ewúro wà níbẹ̀, ẹfinrin wà níbẹ̀, igi kọfí mẹ́rin, àti àgbálùmọ̀ kan tí wọ́n gbìn lọ́dún 1991, nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé ọdún tí a kúrò lábẹ́ Kwara ni igi yẹn wọlẹ̀. Pẹ̀rẹ̀gún ló yí gbogbo rẹ̀ ká. Igi kan tún wà tó ń fà mọ́ ọgbà lápá ibi tí òfì tí wọ́n fi ń hun aṣọ wà tẹ́lẹ̀. Kò sí ẹnì kankan nínú àwa ọmọ tó mọ orúkọ rẹ̀. Ohun tí mo ṣáà mọ̀ ni pé tí ewé rẹ̀ bá gbẹ, ńṣe ló máa ń dúdú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo ra àgádágodo, mo ti ọgbà náà pa. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má já ewé kankan níbẹ̀, kó lè wà bí màmá ṣe fi í sílẹ̀. Mo ń sanwó fún ọmọkùnrin kan kó máa bá wa ro ó. Nígbà tí mo délé lóṣù kẹjọ, ó ti ro ẹfinrin mọ́ koríko. Ewúro ti ga ju mí lọ, gbogbo rẹ̀ ti di igi, ewé tó wà lórí rẹ̀ kò lè se ìkòkò ọbẹ̀ kan. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, mo sunkún bíi pé ọjọ́ yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kú.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí wọ́n jẹ́ alàgbà nínú ìjọ wọn, sọ pé ká gé gbogbo rẹ̀, ká da kọnkéré sí i, ká lẹ táìsì, ká wá gbé àwòrán màmá síbẹ̀. Wọ́n ní igi òrìṣà ni pẹ̀rẹ̀gún, kò yẹ kó wà nílé Kristẹni. Ìrántí ọdún kan ti ń bọ̀ lóṣù kẹta yìí. Màmá, kí ni mo lè ṣe kí ọgbà náà lè padà sí bó ṣe wà? Ṣé òótọ́ sì ni ọ̀rọ̀ pẹ̀rẹ̀gún yẹn?

Ọmọ Ògìdì, Abúja

ÌDÁHÙN

Ọmọ mi, òkun o. O kú ará fẹ́ra kù. Ìwé rẹ wà lórí tábìlì mi fún ọjọ́ mẹ́ta kí n tó lè dáhùn. Ọ̀rọ̀ àgádágodo yẹn ni mo fẹ́ ká kọ́kọ́ sọ, torí èmi náà ti ṣe irú rẹ̀ rí.

Ìsánlú ni a ti sin màmá tèmi, nínú ọyẹ́. Olùkọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn ni mí nígbà náà. Mo ti kọ́ iṣẹ́ náà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà ní Kábbà, mo sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí a ṣe ń tọ́jú ewébẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo ìmọ̀ yẹn, wáyà ni mo lọ rà ní Kábbà, mo fi yí ọgbà màmá mi ká, mo sì sọ fún àwọn ará ilé pé ẹni tó bá fẹ́ ewúro kó lọ sọ́jà.

Ewúro màmá mi ní ìtàn. Ọsibítù àwọn míṣọ́nnárì tó wà ní Ẹ̀gbẹ̀ ni wọ́n ti bí mi. Obìnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, tí wọn kò mọ̀ rí, sọ fún màmá mi pé ewúro tí ń bẹ lẹ́yìn ilé òun kì í korò jù, pé ó dára fún ìyá ọlọ́mọ. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ máa gbé mi relé, ọkọ obìnrin náà mú ọ̀pá ewúro mẹ́rin wá, wọ́n fi aṣọ tútù wé e. Wọ́n gbé èmi àti ewúro wọ Ìsánlú lọ́jọ́ kan náà. Màmá mi kò gbàgbé obìnrin yẹn. Bí wọ́n bá ti ń fọ ewúro, wọ́n á ní, “Ọlọ́run bá mi bùkún obìnrin Ẹ̀gbẹ̀ yẹn níbi tó bá wà.”

Ewúro yẹn ni mo fi wáyà yí ká. Ọdún méjì kò pé tó fi rí bí tìrẹ ṣe rí yìí: ó lé òkè, ó yọ òdòdó funfun, ara rẹ̀ gbó. Koríko inú wáyà ga ju ti ìta lọ, torí kò sẹ́ni tó ń wọ ibẹ̀ mọ́. Ní ọyẹ́ ọdún kejì, iná ìgbẹ́ gba ẹ̀yìn ilé wọlé, ó sì jó o. Nígbà tí mo dé láti Kábbà, eérú ni mo bá, àti wáyà tí mo rà. Mo fi ọwọ́ tú ilẹ̀ wò bóyá gbòǹgbò kan ṣì tutù. Kò sí.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo lọ kí ìyá kan ládùúgbò wa. Ó gún iyán, ó sì gbé ọbẹ̀ ewúro kalẹ̀ fún mi. Òkèlè àkọ́kọ́ ni mo fi dákẹ́. Mo mọ ewúro náà. Mo bi í níbi tó ti rí i, ó wò mí bíi pé orí mi ti dàrú. Ó ní, “Ti màmá rẹ kọ́ ni? Ọdún tí mo wọlé ọkọ ni wọ́n gé ọ̀pá mẹ́ta fún mi.” Ó mú mi lọ sẹ́yìn ilé rẹ̀. Ewúro náà ṣù bo ògiri, ó tutù yọ̀yọ̀. Ó wá ń ka ilé tó kù fún mi: ilé ìyàwó pásítọ̀, ilé arúgbó tó ń ta irú, ilé tìṣà kan tó ti kó lọ sí Mọ̀pà tòun tewúro rẹ̀. Ilé mẹ́fà ló kà kí ó tó rẹ̀ ẹ́. Ibi tí mo fi wáyà yí ká nìkan ni ewúro màmá mi ti kú.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún ọ, ọmọ mi, pé kó o ṣí ilẹ̀kùn ọgbà yẹn. Ọgbà yẹn kò dúró sójú kan rí nígbà tí màmá rẹ wà láyé. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń yí i padà. Wọ́n á já eléyìí, wọ́n á fa tọ̀hún tu, wọ́n á da omi ìṣanwọ́ sídìí ata, ọmọ aládùúgbò á wá tọrọ ẹfinrin torí inú ń run ún. Ọwọ́ tó ń wọ inú ọgbà yẹn ló dá ọgbà náà sí. Nígbà tó o ti ọwọ́ mọ́ ìta, igbó ló wọlé.

Jẹ́ kí n wá sọ bó o ṣe máa ṣe é.

Ewúro tó di igi kò tíì kú. Bí a bá ń já orí ewúro, ẹ̀gbẹ́ ló ti ń yọ ẹ̀ka tuntun, á sì máa ṣù. Bí a kò bá já a, gbogbo agbára rẹ̀ á lọ sínú igi àti òdòdó. Nígbà tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, láti ìparí oṣù kẹta wọ oṣù kẹrin, mú àdá tó mú, gé e sílẹ̀ tó orúnkún rẹ. Má bẹ̀rù. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wàá rí i tí ara rẹ̀ á máa sú jáde. Má sì da igi tó o gé nù. Mú èyí tó gbó níwọ̀nba, tí kì í ṣe ọ̀jẹ̀lẹ́ orí rẹ̀, gé e ní gígùn apá láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́, fi í gún ilẹ̀ ní dídagun bí a ṣe ń gbin ẹ̀gẹ́, kí ojú méjì tàbí mẹ́ta wọlẹ̀. Wo ibi tí ojú rẹ̀ kọ sí kó o má bàa dorí rẹ̀ kodò. Fi àpò tútù wé méjì lọ sí Abúja. Tó ò bá ní ilẹ̀, rọ́bà pẹ́ńtì tó o lu nídìí á gbà á, bí oòrùn bá ti ń rí i.

Má bínú sí ọmọkùnrin tó ro ẹfinrin. Ta ló fi hàn án? Ẹfinrin tó ti yọ òdòdó tó sì gbẹ rí lórí ilẹ̀ yẹn ti gbọn hóró sílẹ̀, òjò á pè é jáde. Ṣáà má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́n oògùn apakoríko síbẹ̀. Bí kò bá yọ, gba orí òdòdó rẹ̀ tó gbẹ lọ́wọ́ aládùúgbò, fi àtẹ́lẹwọ́ ra á, fọ́n ọn sórí ilẹ̀ tó rọ̀, kí o sì bu ilẹ̀ díẹ̀ báyìí lé e. Hóró rẹ̀ kéré gan-an, bó bá wọlẹ̀ jù kò ní lè jáde.

Igi tí ẹ kò mọ orúkọ rẹ̀ yẹn ni mo ń rò láti ìgbà tí mo ti ka ìwé rẹ. Igi tó ń fà, tí ewé rẹ̀ ń dúdú bó bá gbẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí òfì wà. Ṣe èyí fún mi: já ewé rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, gún un nínú odó kékeré, mọ ọ́n rìbìtì, kí o sì sá a sórí aṣọ funfun. Tó bá dúdú, tó sì ń tàn díẹ̀ bí ọrùn ẹyẹlé, ẹ̀lú ni.

Ẹ̀lú ni àwọn ìyá wa fi ń ṣe aró kí aró oníyẹ̀fun tó dé. Wọ́n á gún ewé rẹ̀, wọ́n á mọ ọ́n, wọ́n á sá a gbẹ. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ lò ó, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi tí wọ́n sẹ́ lára eérú, wọ́n á bo ìkòkò náà, wọ́n á fi sílẹ̀ títí yóò fi kan. Tí wọ́n bá ri òwú bọ̀ ọ́, tí wọ́n sì fà á jáde, àwọ̀ ewé ni wàá rí. Afẹ́fẹ́ ló máa sọ ọ́ di aró lójú rẹ níbẹ̀, bó o ṣe ń wò ó. Ọmọdé ni mí nígbà tí mo rí i, mo rò pé ojú mi ló ń tàn mí.

Aṣọ híhun jinlẹ̀ lọ́wọ́ obìnrin ilẹ̀ wa. Òfì tí wọ́n máa ń gbé ti ògiri, tí obìnrin á jókòó tì, òun ni wọ́n fi ń hun kíjìpá. Ní Bùnú ni wọ́n ti ń hun aṣọ ìpò pupa tí wọ́n fi ń ṣẹ̀yẹ fún olóyè tó bá wàjà. Ògìdì yín náà ni wọ́n ti bí Nike Okundaye lọ́dún 1951, ẹni tó gbé aró àti iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ wa dé òkè òkun. Màmá rẹ hun aṣọ. Bí igi yẹn bá jẹ́ ẹ̀lú, a jẹ́ pé wọ́n tún ń rẹ òwú ara wọn, kí ẹ tó gbọ́njú. Wo bó ti jẹ́ ọgbà ló ń sọ èyí fún ọ, tí ẹnu kò sì sọ ọ́. Ṣé ó yẹ ká da kọnkéré sórí irú ibẹ̀? Ní báyìí tí àwọn àgbà tó bá wọn jókòó sí òfì ṣì wà, lọ bi wọ́n. Mú ewé náà dání lọ.

Ti kọfí kò le. Ilẹ̀ Ìjùmú àti Kábbà gba kọfí dáadáa, bẹ́ẹ̀ lo sì mọ̀. Èyí tó bá ti darúgbó nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lẹ́yìn tí ẹ bá ká èso rẹ̀ tán, gé e ní dídagun tó orúnkún, yóò rú, kí o wá fi ẹ̀ka méjì tàbí mẹ́ta tó lágbára jù sílẹ̀ lára èyí tó bá yọ. Méjì ni kó o gé lọ́dún yìí, kó o fi méjì sílẹ̀ de ọdún tó ń bọ̀. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn ló ń la òdòdó kọfí. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn òjò náà, gbogbo ẹ̀ka á funfun lẹ́ẹ̀kan náà, òórùn dídùn á gba gbogbo àgbàlá, kò sì ní ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ tó fi máa rọ. Oṣù kẹta ni màmá rẹ lọ. Ó lè jẹ́ òórùn yẹn ló wà nínú afẹ́fẹ́ ilé nígbà yẹn, tí ẹkún kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kíyè sí i. Fi méjì sílẹ̀.

Àgbálùmọ̀ kò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ yín ju kí ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀ tó ti kú. Àmọ́ tí ẹ bá gbin hóró rẹ̀, ẹ má retí pé adùn rẹ̀ á rí bákan náà. Ọmọ igi lè máà fi adùn jọ ìyá rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ adùn ti màmá gan-an, ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe kó gé ẹ̀ka rẹ̀, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ọ̀dọ́ àgbálùmọ̀ mìíràn títí wọn yóò fi di igi kan.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ìfẹ́ màmá ló ń dà wọ́n láàmú bó ti ń dà ọ́ láàmú. Òótọ́ ni pé àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ń lo pẹ̀rẹ̀gún. Wọ́n ń lo omi náà, wọ́n sì ń lo obì. Ohun tí pẹ̀rẹ̀gún ń ṣe lẹ́yìn ilé yín ni pé ó jẹ́ ààlà. Kí àwọn tó ń wọn ilẹ̀ tó dé, pẹ̀rẹ̀gún ni àwọn bàbá wa fi ń pààlà, torí ọ̀pá rẹ̀ tí wọ́n bá ti gún mọ́lẹ̀ á hù, ẹ̀ẹ̀rùn kì í pa á, ọjọ́ rẹ̀ sì máa ń gùn lórí ilẹ̀. Ẹni tó bá hú u tu lónìí, kó múra sílẹ̀ de ọjọ́ tí aládùúgbò á ní ilẹ̀ òun dé ibi kànga yín. Mo ti rí ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, kò dára láàárín ẹbí. Bá mi ṣí Bíbélì fún ẹ̀gbọ́n rẹ, ìwé Òwe orí 22, ẹsẹ 28, níbi tó ti ní ká má ṣe yẹ ààlà àtijọ́ tí àwọn bàbá wa ti pa. Fi ohùn pẹ̀lẹ́ kà á fún wọn, má fi bá wọn jà. Jẹ́ kí wọ́n lẹ táìsì sórí ibojì bó bá wù wọ́n, kí wọ́n gbé àwòrán síbẹ̀. Àyè wà fún ìyẹn. Ilẹ̀ ọgbà ni kí wọ́n fi sílẹ̀.

Nípa ọmọkùnrin tó ò ń sanwó fún, dá a dúró. Wá obìnrin kan ládùúgbò tó ń dáná lójoojúmọ́, fún un ní kọ́kọ́rọ́, kí o sọ pé kó máa já ohun tó bá fẹ́, kó máa tà nínú rẹ̀ bó bá pọ̀. Ẹni tó ń já ewé á ro ọgbà láìgba kọ́bọ̀. Tó bá di oṣù kọkànlá, kó ha koríko ẹ̀yìn pẹ̀rẹ̀gún mọ́ kanlẹ̀, kí iná ìgbẹ́ má bàa rí ibi gbà wọlé. Èyí ni mo bẹ̀ ọ́ pé kó o má gbàgbé.

Ní ti ìrántí, owó tí ẹ fẹ́ fi ra abọ́ rọ́bà àti tówẹ́ẹ̀lì tí wọ́n tẹ àwòrán màmá sí, ẹ fi ra ọ̀rá dúdú tí wọ́n ń gbin nǹkan sí. Ilẹ̀ á ṣì gbẹ lóṣù kẹta, nítorí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ ní báyìí, ẹ gbin ọ̀pá ewúro sínú ọ̀rá lábẹ́ ibòji àgbálùmọ̀, ẹ máa bomi rin ín láràárọ̀. Kí ọjọ́ ìrántí tó pé, púpọ̀ nínú wọn á ti rú ewé. Kí ẹni tó bá wá kí yín mú ọ̀kan lọ sílé. Àwọn tó ti ní ti màmá rẹ lẹ́yìn ilé wọn tẹ́lẹ̀ á sọ fún ọ lọ́jọ́ náà, torí mo mọ̀ pé wọ́n wà.

Má sì tilẹ̀ dúró de ọjọ́ náà. Tó o bá dé Ògìdì, kó o tó ṣí àgádágodo yẹn, kọjá sí ilé tó wà lódìkejì ọ̀nà, kí ìyá tó bá wà níbẹ̀, kí o sì ní kó fi ewúro ẹ̀yìn ilé rẹ̀ hàn ọ́. Bi í níbi tó ti rí i. Lẹ́yìn náà, kọ̀wé sí mi, kí o fi ewé ẹ̀lú gbígbẹ kan sínú àpòòwé.